Ìdó Tí Rélùwéè Mọ̀ Kì í Ṣe Ìdó Tiwa

Ẹ̀yin ará Òsì-Èkìtì, iṣu tuntun ti dé. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ni n ó fi ṣẹ̀fẹ̀ lónìí. Ẹ má bínú, ọmọ yín ni mí, ẹni tó bá sì bínú kò ní rí ọbẹ̀ fi jẹ iyán.

Ẹ̀yin ọmọ Ìdó tó wà l'Ékòó ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn bá ń fi rélùwéè yangàn, ẹ̀yin náà á nawọ́ sókè pé, "Ṣé Ìdó kọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ni?" Ìdó ni o. Ìdó etí ọ̀sà, tó dojú kọ Erékùṣù Èkó. Ìdó-Èkìtì tiwa, ti ọba Olójùdó, kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin rí, àfi èyí tí ọmọdé bá fi ẹnu fọn.

Ní 1896 ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin náà láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà kọjá sí Ìlọrin. Nígbà tó fi máa di 1912, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ l'Ékòó lè sọ̀ kalẹ̀ ní Kánò. Ó jọ pé ó rí òkè wa lókèèrè, ẹ̀rù bà á, ó bá ẹlòmíì lọ. Ti Ìbàdàn yẹn ló tilẹ̀ ń dùn mí jù. Láti 1877 ni Èkìtì Parapọ̀ ti kọjú ìjà sí wọn nínú ogun Kírìjì, ó sì di 1893 kí wọ́n tó tú àgọ́ ká. Kò pé ọdún mẹ́wàá sí i, Ìbàdàn gba rélùwéè. Àwa gba àlàáfíà, a sì fẹsẹ̀ rìn ín délé.

Láti ìgbà náà, ará Ìkọ̀lé tó bá lẹ́rù fún rélùwéè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e dé Òṣogbo tàbí Ọ̀fà. Ẹni tó ti gun òkè, tó ti sọ̀ òkè, tó ti fi orí ru ẹrù débẹ̀, kí ló kù tí ọkọ̀ fẹ́ bá a ṣe?

Ṣùgbọ́n kí á tó sunkún, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn tó ní in fi í ṣe. Ní Amẹ́ríkà nígbà kan, yìnyín ni wọ́n ń gbé kiri. Alápatà ńlá kan wà ní Chicago, Gustavus Swift lorúkọ rẹ̀. Ó ṣírò ó títí, ó ní ohun tó ju ìdajì lọ lára màlúù kì í ṣe jíjẹ, kí ló wá dé tí òun ó fi máa sanwó ọkọ̀ lé e lórí? Hà! Ohun tó ju ìdajì lọ! Bàbá yìí kò mọ pọ̀nmọ́, kò mọ bọ̀kọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fi orí màlúù ṣe é lálejò rí. Ó bẹ onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Andrew Chase, pé kó ya wágọ̀nù tí yìnyín á máa mú tutù fún òun, kí òun lè máa kó ẹran tí wọ́n ti pa ránṣẹ́. Wọ́n rí i ṣe ní 1878. Àwọn onírélùwéè ńláńlá yarí, nítorí owó màlúù ààyè ni wọ́n ń jẹ.

Ní tiwa, a kò da ara wa láàmú. Láti Òkè Ọya, màlúù wọ rélùwéè wá sí Èkó pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwo rẹ̀, ìrù rẹ̀ àti ìbínú rẹ̀. Ẹran tó ṣì ń mí, yìnyín wo ló ń wá? Obì gbànja láti Agége náà wọ ọkọ̀ kan náà padà lọ sí Kánò, ewé tútù ni wọ́n dì í sí nínú agbọ̀n. Ó débẹ̀ láìgbẹ, àwọn Hausa rún un jẹ, kò sẹ́ni tó béèrè fíríìjì.

Ẹ padà sọ́dọ̀ òyìnbó, ọ̀rọ̀ wọn kò tíì tán. Ní 1906, ilé-iṣẹ́ rélùwéè méjì para pọ̀ dá Pacific Fruit Express sílẹ̀ láti máa kó èso àti ẹ̀fọ́ kúrò ní California. Ní Roseville, wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín, wọ́n sì kan pèpéle gíga gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Àwọn ọkùnrin á dúró lórí rẹ̀, wọ́n á máa fi ọ̀pá ti bùláàkì yìnyín, tí ẹyọ kan lè wọ̀n ju 130 kílò lọ, wọ́n á jù ú sínú ihò òrùlé wágọ̀nù, níwájú àti lẹ́yìn. Wágọ̀nù kan lè gbé tó tọ́ọ̀nù 5. Yóò rìn díẹ̀, yóò dúró, wọ́n á tún bu sí i, títí yóò fi dé New York ní òdìkejì ilẹ̀ náà. Gbogbo làálàá yìí, kí ni wọ́n ń gbé? Létúùsì! Ewé! Ewé tí wọn ò sè, tí wọn ò fi irú sí, tí ewúrẹ́ ilé mi gan-an yóò wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ ẹ́.

Ti pòtétò ló tún wá burú jù. Ní Chicago kan náà, ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan, Chicago and North Western, ní odindi àgbàlá kan nígbà náà ní Wood Street fún pòtétò. Àwọn oníṣòwò á máa ti wágọ̀nù kan bọ́ sí òmíì, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á dúnàádúrà. Nígbà ooru, yìnyín ni wágọ̀nù fi ń tutù kí ẹrù má bàa rà. Bí òtútù bá dé, wọ́n á kó yìnyín kúrò, wọ́n á gbé ààrò kékeré sí i kí pòtétò má bàa dì. Ṣé pòtétò ni àbí abiyamọ tuntun?

Ẹ wá mú iṣu Ìkọ̀lé wá síbí. Ẹ so ó mọ́ igi nínú àká, kí atẹ́gùn máa fẹ́ ẹ, kí òjò má pa á. Yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn tilẹ̀ ti rí i pé bí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 12 lórí Sẹ́líṣíọ̀sì, iṣu a máa bàjẹ́ nínú, bí ẹ bá sì gbé e jáde, ó ń rà nìyẹn. Ẹ gbọ́ mi yé o: ká ní ọkọ̀ oníyìnyín yẹn yà sí Òsì-Èkìtì, òkú iṣu ni ì bá máa gbé lọ! Àwọn àgbà sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Oúnjẹ tó lè gbóná fún ogún ọdún, ta ni yóò máa wá yìnyín fún un? Ká tilẹ̀ sòótọ́ síra wa, iṣu wo ló ń pẹ́ tó láti bàjẹ́ nílé yín? Òórọ̀ iyán, alẹ́ iyán, àlejò dé, iyán. Àká kò ní ìṣòro kankan ju onílé lọ.

Ibi tí òtútù ti yẹ kó ràn wá lọ́wọ́ ni a ti ń jìyà. Tòmátì wọ tírélà láti Òkè Ọya nínú apẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ gun apẹ̀rẹ̀, oòrùn ń sè é lọ́nà. Tó bá fi máa dé ọjà Ọ̀yẹ́, ó ti di ọbẹ̀ ku iyọ̀. Ìyá aláta á wò ọ́ lójú, kò ní tijú: "Ẹ̀ṣà ni, mo ti dín owó ẹ̀ kù." Ẹja Titus nìkan ló ń rìnrìn àjò bí òyìnbó. Ó ti òkun ọ̀nà jíjìn wá nínú yìnyín, láti kóòdù-rúùmù dé kóòdù-rúùmù, ó kọjá gbogbo òkè tí rélùwéè sá fún, ó dé Ìdó tiwa, iná lọ. Ní Ìkún, ní Mọ̀bà, níbi tí ilé-iṣẹ́ Promasidor àti ìjọba Èkìtì ti dawọ́ pọ̀ lórí oko màlúù oníwàrà, mo rò pé wọn kò lè fi ti iná ṣàwàdà rárá. Wàrà kì í ṣe iṣu.

Ní ti ọkọ̀ oníyìnyín tí a kò rí, àwọn tó ni ín kò rí i mọ́. Ní nǹkan bí 1970, wágọ̀nù tó ní ẹ̀rọ amútutù tirẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yìnyín. Àwa náà kò sì dúró de ẹnìkan. Èkìtì tí kò ní téṣàn rélùwéè kan ṣoṣo ti kọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú fún ẹrù oko, bàálù sì ti kọ́kọ́ balẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà 2022. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é: ẹni tí kẹ̀kẹ́ fò dá, kó ra mọ́tò.

Bí ó bá wá di ọjọ́ tí iṣu Ìkọ̀lé máa wọ bàálù, ẹ̀bẹ̀ kan péré ni mo bẹ awakọ̀: kó rọra fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ amúlétutù, òtútù ń pa ẹrù wa. Kí ẹni tó bá máa tẹ̀ lé e sì gbé odó àti ọmọ rẹ̀ dání. Bí wọ́n bá bi í ní ẹnu ọ̀nà pé kí ni odó ń wá nínú bàálù, kó ní ẹrù ọwọ́ ni.