Ẹ̀bùn Houston, Ẹ̀bùn Peckham

Ogójì mọ́tò ló ń du ọ̀nà kan ṣoṣo nínú Daytona USA, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó ní họ́ọ̀nù. Ará òkèèrè lè ṣe géèmù náà fún ọdún gbọọrọ kó má fura. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé òfin ojú pópó sọ ọ́ gbangba pé awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ fun họ́ọ̀nù ládùúgbò tí ènìyàn ń gbé láti aago 11:30 alẹ́ títí di aago 7:00 òwúrọ̀, ó sì ti mọ́ wọn lára níbẹ̀ láti máa fi ojú nìkan bú ẹni tó bá já wọn lọ́nà. Ẹ wá gbé páàdì fún awakọ̀ dáńfó kan ní Ọ̀jọ́ta. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò ti bèèrè bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fun họ́ọ̀nù. Tí wọ́n bá ní kò sí, á dá páàdì padà: mọ́tò yìí ò pé.

Ibi tí ènìyàn jókòó sí ló ń sọ àléébù tó máa kọ́kọ́ rí lára géèmù yìí.

Sega ló gbé e jáde sí àwọn gbọ̀ngàn eré ní 1994, Toshihiro Nagoshi sì ni olùdarí iṣẹ́ náà. Ní 1995, ó wọlé wá bá àwọn ènìyàn nínú pálọ̀ lórí Saturn, ẹ̀rọ géèmù Sega, tí wọ́n ń ta ní $399 ní Amẹ́ríkà, ní ọdún kan náà tí PlayStation ti Sony dé ibẹ̀ ní $299. Ìdíje stock car ló fara wé, ìyẹn mọ́tò tí ìrísí rẹ̀ jọ ti ojú títì ṣùgbọ́n tí wọ́n ti tún inú rẹ̀ tò nítorí eré sísá. NASCAR, àjọ tó ń darí ìdíje náà ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Pápá Daytona ní Florida ṣí ní 1959: ìyípo kan jẹ́ máìlì 2.5, igun rẹ̀ sì dagun tó dígíríì 31. Ìgbà 200 ni awakọ̀ máa ń yí i po kí Daytona 500 tó parí, apá òsì ni wọ́n sì ń yà ṣáá. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ pé ènìyàn wakọ̀ fún nǹkan bíi kìlómítà 800 á bèèrè pé ibo ló dé. Ibi tó ti gbéra náà ló dé.

Sega mọ̀ pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lè tètè sú ènìyàn. Ọ̀nà àkọ́kọ́ nínú géèmù náà, Three Seven Speedway, jẹ́ ìyípo mẹ́jọ péré. Ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ńlá kan wà lójú ọ̀nà níbẹ̀. Awakọ̀ tó bá tẹ bọ́tìnnì tí 7 mẹ́ta bá tò síbẹ̀ á jèrè ìṣẹ́jú àáyá méje. Ní Sea-Side Street Galaxy, tí í ṣe ọ̀nà kẹta, ère Jeffry, oníjà inú Virtua Fighter, dúró lẹ́bàá títì. Ti Saturn tilẹ̀ ní àṣírí tirẹ̀: ẹni tó bá dáńtọ́ lè fi ẹṣin díje dípò mọ́tò. Ará òkèèrè lè ka èyí sí àwàdà. Ará Ìjẹ̀bú tó ti rí àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba kò ní bèèrè ohun tí ẹṣin ń wá níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi jíà ni adùn rẹ̀ wà. Ẹni tó ń wakọ̀ ní Dinosaur Canyon, tó bá dé igun líle, kò gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì bí ẹni tó rí ọlọ́pàá. Á já jíà kẹrin sí ìkejì, ìdí mọ́tò á fì, á yí sitẹ́ríìnì sódì díẹ̀, mọ́tò á fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ gba igun náà kọjá, táyà á máa han. Tó bá fi díẹ̀ pẹ́, ògiri ni. Saturn kò sọ adùn yìí nù rárá.

Orin náà ńkọ́? Takenobu Mitsuyoshi ló ṣe é, òun náà ló fẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí fa orúkọ Daytona gùn, aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ ní Peckham, ní London, á fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan àjà. Ní Mushin, aládùúgbò á wọlé wá wo ẹni tó ń kọrin.

Àwòrán ni àwọn alárìíwísí òkèèrè bínú sí jù. Ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn ń yí àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Saturn kò ju nǹkan bíi 20 lọ. Òkè àti afárá kì í sí níbẹ̀ títí mọ́tò á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á wá yọ lójijì. Ẹni tó ń gba títì M25 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ síbi iṣẹ́ ka èyí sí ìyànjẹ. Ẹni tó ti wakọ̀ lálẹ́ láti Ifẹ̀ dé Iléṣà mọ̀ pé bí ọ̀nà ṣe ń ṣe nìyẹn. Kòtò kì í ránṣẹ́ ṣíwájú.

Àléébù tó dun ará ilé jù yàtọ̀. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n lè so ẹ̀rọ mẹ́jọ pọ̀ kí ènìyàn mẹ́jọ bá ara wọn du, ṣùgbọ́n ti Saturn, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ará òkèèrè tó ń gbé yàrá kan, tó ti iṣẹ́ alẹ́ dé, kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ta ni yóò tilẹ̀ bá ṣeré? Ní Ìbàdàn, ọmọ mẹ́fà ló jókòó, páàdì kan ló wà, àwọn márùn-ún tó kù sì ti di olùkọ́. “Já jíà! Mo ní kó o já jíà!” Ẹ̀gbọ́n á gba páàdì láti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn, kò sì ní dá a padà mọ́ títí Màmá á fi rán àbúrò lọ pọn omi.

Ìgbà tí ẹni tó wà lókèèrè bá wá fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sílé ni ọ̀rọ̀ ń di ti ẹbí. Iná 120 volt ni Saturn Amẹ́ríkà, bí èyí tó ti Houston wá, ń jẹ, inú ara rẹ̀ sì ni ohun tó ń gbaná wà, kò ní ṣájà lọ́tọ̀ tí ènìyàn lè pààrọ̀. Àbúrò tí kò ní stepdown tó ń dín agbára iná kù, tó wá ti ẹ̀rọ náà bọ iná 240, á gbọ́ “tàì!”, á rí èéfín, kò ní rí ìdíje kankan. Bó bá tilẹ̀ rí stepdown, àwòrán NTSC lórí tẹlifíṣàn PAL àtijọ́ sábà máa ń di funfun àti dúdú. Ti Peckham kò ní wàhálà yìí: iná ibẹ̀ bá tilé mu, PAL sì ni àwọn méjèèjì ń lò nígbà náà. Àmọ́ 50 Hz ni PAL ń lò, 60 sì ni NTSC. Nítorí náà ni púpọ̀ nínú géèmù PAL ìgbà náà ṣe ń fà, tí ọ̀já dúdú sì ń bo òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán. Ẹ̀bùn Houston yá, kò tàn. Ẹ̀bùn Peckham tàn, kò yá. Ìpàdé ẹbí tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ yìí, kí wọ́n tètè wá àga jókòó.

Bátìrì kékeré kan, CR2032, ló tún ń tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀ inú Saturn. Ọjọ́ tó bá kú, orúkọ ẹni tó yára jù pa rẹ́. Ẹ̀bi NEPA kọ́, ṣùgbọ́n NEPA ni wọ́n máa dì í rù.

Sega gbọ́ ẹkún díẹ̀. Championship Circuit Edition jáde ní 1996, ènìyàn méjì lè díje nínú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì fi ọ̀nà méjì kún ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti fọwọ́ kan bí mọ́tò ṣe ń fì, inú àwọn tó ti mọ̀ ọ́n wà kò sì dùn. Ti 2011 fún PlayStation 3 àti Xbox 360 ló dára jù: àwòrán 60 padà, ènìyàn mẹ́jọ sì lè pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n ní Houston wá lè bá àbúrò ní Ìbàdàn díje láìsí stepdown láàárín wọn. Tó bá wá di ìyípo keje, tí àbúrò rí i pé ẹ̀gbọ́n ti ń lọ síwájú, ó lè rọra yọ wáyà, kó bọ́ sórí WhatsApp: “Ẹ má bínú, Bùọ̀dá mi, NEPA ló mú iná lọ.” Ẹ̀gbọ́n ò sì ní ọ̀nà kankan tó lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò.