Gìgísẹ̀ Ọkùnrin

Ọkùnrin kan wọ bàtà gogoro kọjá, ni ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò bá kígbe pé ayé ti bàjẹ́. Ẹ bá mi rọra bi wọ́n: ta ló kọ́kọ́ ń wọ̀ ọ́? Àwọn agẹṣinjagun ilẹ̀ Páṣíà mà ni! Gìgísẹ̀ bàtà yẹn ló máa ń há mọ́ irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lára gàárì, kí ológun lè nàró ta ọfà. Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, kò dúró de ogun ní tirẹ̀. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ tí ayàwòrán Rigaud yà ní 1701: ìbọ̀sẹ̀ funfun, itan níta gbangba, gìgísẹ̀ pupa fòò. Ẹ̀yin ẹ lọ sọ fún Kábíyèsí pé ó ṣe bí obìnrin. Èmi ṣì nílò orí mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n gan-an ńkọ́? Fọ́tò wọn ti ọdún 1975 ń bẹ lára ògiri: ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàǹgbà tó ń gbálẹ̀, bàtà gàráńtì tó ga bí àpótí ìjókòó. Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀, àgbàrá òjò Èkó ni àwọn ń sá fún.