Brọ̀dá Fíńtéèjì

Bí ẹ bá ti jọ́sìn rí ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn wa ní Peckham, ẹ ti bá a pàdé. Òun ló ń tẹ dùùrù nígbà tí ìjọ ṣì ń háyà gbọ̀ngàn ilé ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ ti gba ìdí dùùrù lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ló bá di ọlọ́jà. Ọjà rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: Yamaha MDF1.

Ẹ má bi í pé kí ni wọ́n ń fi ṣe o, bí ẹ bá fẹ́ tètè délé. Láti 1983 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ọdún tí dùùrù DX7 ti Yamaha jáde, tí MIDI sì mú kí ẹ̀rọ orin oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ máa gbọ́ra wọn yé. Ohùn 32 péré ni ikùn DX7 lè gbà. Ẹni tó bá ti fara balẹ̀ ṣe ohùn tirẹ̀, bí i fèrè, agogo, tàbí gìtá tó ń ta bí i ti jùjú, tó sì tún fẹ́ ṣe òmíràn, àfi kó wá ibi tí yóò kó ti àkọ́kọ́ sí. Ibẹ̀ ni MDF1 ti wúlò. Wọ́n á fi wáyà so ó mọ́ DX7, wọ́n á sì da àwọn ohùn náà sórí díìsì kékeré tí wọ́n ń pè ní Quick Disk. Ojú kan díìsì náà gba 64 kílóbáìtì. Gbogbo ohùn 32 yẹn ò sì ju báìtì 4,104 lọ. Ká sòótọ́, nǹkan ńlá ni nígbà náà. Lónìí, fọ́tò ìgbéyàwó kan ṣoṣo láti orí fóònù yín ò lè wọ ibẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?”

“Àbúrò, Jàpáàn ni wọ́n ti ṣe é.”

“Mo gbọ́, sà. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?”

“Ìgbà tí mo tàn án kẹ́yìn, iná rẹ̀ tàn rekete.”

Iná tàn lóòótọ́. Díìsì ni kì í yí. Rọ́bà tó yẹ kó máa yí i ti yọ́ sínú ẹ̀rọ, ó dúdú, ó sì ń fà bí ilá. Ohun tó máa ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí nìyẹn bó bá ti pẹ́. Owó rọ́bà tuntun ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n Brọ̀dá ò ní í pa á dà láéláé. Ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é láti Jàpáàn ni òun fẹ́ kó wà.

Àwọn ohùn tirẹ̀ ńkọ́? Ó ti pẹ́ tó ti kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Kò jẹ́ fi tiẹ̀ sórí díìsì yẹn.

250 pọ́n-ùn ló ń pè é. Kò sí dúnàádúrà, ó ní òun mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ìyàwó rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n: ó ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àánú nígbà kan, Brọ̀dá sì sáré lọ fi pọ́n-ùn mẹ́ta rà á padà. Mo rò pé pọ́n-ùn mẹ́ta yẹn wà nínú 250 náà.

Lójú tèmi, kò wá oníbàárà. Ẹni tí yóò jókòó, tí yóò gbọ́ bí òun ṣe tẹ dùùrù nígbà yẹn lọ́hùn-ún, ló ń wá, ìpolówó ọjà ló sì fi ń pe irú wọn wọlé. Bí wọ́n bá ná an, inú rẹ̀ á dùn, torí ọ̀rọ̀ á gùn. Bí wọ́n bá bínú lọ, inú rẹ̀ á tún dùn, torí ẹ̀rọ kù sílé.

Àfi ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan dé, tí kò jókòó, tí kò bi í ní nǹkan kan. Ó wo ẹ̀rọ náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó yọ fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n, 250, àbí? Ẹ fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì yín.”

Àyà Brọ̀dá já. Ẹni tí kò ná ọjà rárá, ó dájú pé ó ti rí ohun tí ọlọ́jà ò rí. Ó fa ẹ̀rọ náà sún mọ́ra.

“Àbúrò, ẹ̀rọ nìkan ni 250 yẹn o. Owó wáyà iná ẹ̀ lọ́tọ̀.”