Ẹ Má Pe Bàbá Tíṣà ní Agbéraga

Ẹ sún bẹ́ǹṣì yẹn kí n ráyè jókòó, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi. Ṣé ẹ mọ Bàbá Tíṣà ilé wa l'Ágbowó, tí yàrá ẹ̀ kọjú sí kànga? Ìyá Sikirá ló bẹ̀rẹ̀ o, èmi kọ́. Ó ní àtìgbà tí ọmọ bàbá ti ra fíríìjì fún un ni ò ti rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ kí i, á kàn máa wò yín. Fíríìjì ọ̀hún gan-an, iná NEPA wo ló ń gbé e? Aṣọ ló ń kó sínú ẹ̀.

Onílé wa tún dá tiẹ̀ sí i. Bó bá ti yọjú báyìí, ọwọ́ ọ̀tún bàbá á máa gbọ̀n bíi ti ẹni tó jalè. Onílé á ní, "Ẹ ò rí i? Owó ilé mi ló ń bà á lẹ́rù!" Bẹ́ẹ̀ bàbá ti san owó ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀. Mo rí rìsíìtì. Ẹ má bi mí bí mo ṣe rí i.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà, tó háyà yàrá ẹ̀yìn, ló là wá lóye. Àìsàn Parkinson ló ń ṣe bàbá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń pèsè dopamine ló ń kú lọ, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ara gbọ́ràn síni lẹ́nu. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, ara á le, ìrìn á falẹ̀, ojú pàápàá á le: ẹ̀rín á wà nínú, kò ní jáde. Bí ẹ̀rù bá sì ba ẹni náà, gbígbọ̀n á pọ̀ sí i. Ṣé ẹ wá rí ayé onílé?

Ẹ̀rù yẹn gan-an lọ̀rọ̀. Ọwọ́ ni gbogbo wa ń wò, ta ló wo inú? Bàbá kì í sùn. Àyà ẹ̀ á máa já lóru, á làágùn yọ̀bọ̀. Ayò tó fẹ́ràn, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn kan ní wọ́n ti sà sí i. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà yẹn ní àìsàn kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ìbẹ̀rù àti ìrẹ̀wẹ̀sì lè ṣáájú gbígbọ̀n ọwọ́ dé, àyà sì lè máa já bí agbára oògùn bá ń tán lára. James Parkinson tó kọ̀wé nípa ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1817 ní làákàyè kì í bà jẹ́ níbẹ̀. Òyìnbó náà, ọwọ́ ló ń wò!

Ẹni tó bá sì ní àìsàn òyìnbó ni, kó lọ sí Igbó-Ọrà. Ní 1985, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti ilé ìwòsàn UCH àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wọ ojúlé dé ojúlé níbẹ̀, wọ́n ń wá àrùn ọpọlọ àti iṣan. Iye ẹni tí wọ́n bá Parkinson lára ẹ̀ kò tó ti àwọn aláwọ̀ dúdú Mississippi l'Amẹ́ríkà, àmọ́ wọ́n bá a. Ẹ wo iṣẹ́ o! Wọlé onílé, bi í léèrè ọ̀rọ̀ ara ẹ̀, wọ́n á pè ọ́ ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, olófòófó ni wọ́n ń pè mí.

Kí ni mo ń sọ? Oògùn! Levodopa lorúkọ ẹ̀, ó sì wà nínú hóró wèrèpè. Wèrèpè táwọn akẹ́kọ̀ọ́ bàbá dà sórí àga ẹ̀ láyé ijọ́un, tó họra délé! Ìyá Sikirá ti fẹ́ẹ́ sáré lọ sí Bódìjà lọ rà á. Akẹ́kọ̀ọ́ dókítà yẹn ní rárá, kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú hóró kan. Oògùn dókítà ni kó lò, kó má sì fi mọ́ínmọ́ín gbé e mì, irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lè dènà oògùn.

Ọmọbìnrin bàbá wá tú ọ̀rọ̀ àyà jíjá náà fún dókítà. Wọ́n fún bàbá ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, wọ́n ní kó máa rìn. Láràárọ̀ ló ń rìn dé géètì Yunifásítì. Lánàá, èmi àti Ìyá Sikirá ń sọ̀rọ̀ lẹ́bàá kànga, bàbá yọrí lójú fèrèsé: "Ìyá Bísí, ṣé ẹnu ẹ kì í rẹ̀ ẹ́ ni?" Ojú ò rẹ́rìn-ín rárá o. Àmọ́ ẹni tó tún ráyè bú mi, ara ẹ̀ ti ń yá nìyẹn.