Ọgbọ̀njọ́ Oṣù Kìn-ín-ní: Ọjọ́ Tí Wọn Kì Í Jẹ́ Kí Òkú Sinmi

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ lẹ́nu àgbà, àmọ́ bí n kò bá sọ ọ́, kò ní jẹ́ kí n sùn. Ẹ bá mi wo ọgbọ̀njọ́ oṣù Kìn-ín-ní lórí kàlẹ́ńdà. Lásìkò òtútù báyìí, ẹni tó bá mọ ìtìjú yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ sílé rẹ̀ ni. Ẹ wá wo ohun tí àwọn ọlọ́lá ayé ń fi ọjọ́ náà ṣe.

Ìlú Ọba ló kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 1649, wọ́n mú ọba wọn, Charles Kìíní, jáde síwájú ààfin Whitehall ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n bẹ́ ẹ lórí níṣojú èrò. Ọba aládé! Ẹ̀wù méjì ni bàbá náà wọ̀ lọ síbẹ̀, kí òtútù má baà mú un gbọ̀n kí wọ́n wá rò pé ojo ni. Kì í ṣe pé ìwà rẹ̀ dùn mọ́ mi o, olóríkunkun ni. Wọ́n kúkú jẹ́ kí wọ́n rán orí náà padà mọ́ ọrùn kí wọ́n tó sin ín, ìyẹn nìkan ni mo lè yìn wọ́n fún.

Ó wá kan ọmọ ọba náà, Charles Kejì. Oliver Cromwell, tó wà nídìí ọ̀ràn náà, kú lọ́dún 1658, wọ́n sin ín sí Westminster Abbey bí ẹni sin ọba. Nígbà tí Charles Kejì dé orí oyè lọ́dún 1660, wọ́n hú òkú Cromwell jáde, wọ́n hú ti Ireton, ọkọ ọmọ rẹ̀, wọ́n hú ti Bradshaw, adájọ́ tó dá ọba lẹ́bi. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dúró di ọgbọ̀njọ́ oṣù Kìn-ín-ní, 1661, ọdún kejìlá géérégé, wọ́n so òkú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọ̀ ní Tyburn níbi tí wọ́n ti ń so olè rọ̀, wọ́n gé orí wọn, wọ́n fi kọ́ orí igi lókè Westminster Hall. Òkú! Ta ni wọ́n ń fìyà jẹ gan-an? Orí Cromwell lé ní ogún ọdún lókè níbẹ̀. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó di ohun tó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, táwọn kan ń gbowó lọ́wọ́ èrò ìwòran nítorí ẹ̀. Ọdún 1960 ni wọ́n tó rí i sin ní Cambridge. Charles tí wọ́n sì ṣe gbogbo èyí lábẹ́ rẹ̀, ẹ béèrè iye àlè tó kó jọ! Ọmọ tó bí síta lé ní mẹ́wàá, ó tún fipá mú ayaba Catherine kó gba Barbara, ọ̀kan nínú àwọn àlè náà, wọ inú iyàrá rẹ̀ kó máa ṣe ìránṣẹ́ pàtàkì fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ òkú níwà.

Amẹ́ríkà kò gbẹ́yìn. Lọ́dún 1835, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ètò ìsìnkú aṣòfin kan tán ní Capitol ni Richard Lawrence, akunlé, bá yọ ìbọn sí Ààrẹ Andrew Jackson. Ìbọn kò ṣiṣẹ́. Ó yọ èkejì, òun náà kò ṣiṣẹ́. Ààrẹ, ẹni ọdún 67, bá fi ọ̀pá rẹ̀ bò ó. Níbi òkú! Lawrence ní òun ni ọba Ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo èèyàn ló rí i pé orí rẹ̀ kò pé, àfi Jackson tó takú pé àwọn ọ̀tá òun nínú òṣèlú ló rán an. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ bá a wí. Àwọn ọ̀tá yẹn ti gbé ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ kiri ìlú rí, pé kò tíì kọ ọkọ àárọ̀ tán kó tó wọlé ọkọ tuntun. Òótọ́ sì ni, ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́.

Ti 1933, táwọn àgbà òṣèlú Jámánì gbé ìjọba lé Hitler lọ́wọ́ tí wọ́n rò pé àwọn á máa darí rẹ̀, n kò ní dá ẹnu lé e. Àmọ́ ti 1948 ní Íńdíà ń dùn mí. Nathuram Godse kọ́kọ́ tẹrí ba fún Gandhi, àgbàlagbà ẹni ọdún 78 tó ń lọ síbi àdúrà, ó kí i tán, ó wá yìnbọn lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ẹ̀kọ́ ilé náà nìyẹn? Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, bọ́ǹbù ti dún nínú ọgbà kan náà, ọwọ́ ọlọ́pàá ti tẹ ọ̀kan nínú àwọn tó bá Godse dìtẹ̀. Kí ni ọlọ́pàá wá ń ṣe? Lọ́dún 1972 ní Derry ní Àríwá Ireland, sójà Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa èèyàn 13 lọ́jọ́ kan ṣoṣo lára àwọn tó ń wọ́de, wọ́n tún bà wọ́n lórúkọ jẹ́ pé ohun ìjà wà lọ́wọ́ wọn. Ọdún 2010 ni ìjọba tó tọrọ àforíjì.

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ti Mayerling ló mú mi jókòó. Rudolf, àrẹ̀mọ ilẹ̀ Austria, ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Stéphanie ni ìyàwó náà, ọmọ Leopold Kejì, ọba Belgium tó sọ Kóńgò di oko ẹrú, nítorí náà àwọn àna méjèèjì bára wọn mu. Àwọn òpìtàn ní àrùn tí Rudolf kó níta ló kó ran obìnrin náà tí kò fi bímọ mọ́. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó bẹ Mizzi Caspar, ọ̀kan nínú àwọn àlè rẹ̀, pé kí àwọn jọ kú. Mizzi gbọ́n, ó lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan. Ló bá yí sọ́dọ̀ Mary Vetsera, ọmọ ọdún 17, tí Marie Larisch, ọmọ ẹ̀gbọ́n ayaba tó bí Rudolf fúnra rẹ̀, sì ń ṣe alárinà. Àgbàlagbà obìnrin!

Láàárọ̀ ọgbọ̀njọ́ oṣù Kìn-ín-ní, 1889, wọ́n bá àwọn méjèèjì nínú iyàrá ní Mayerling, ìbọn ti pa wọ́n. Ààfin ní ọkàn àrẹ̀mọ ló daṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò dárúkọ ọmọbìnrin náà rárá. Lóru ọjọ́ kejì, wọ́n wọ aṣọ fún òkú rẹ̀, wọ́n dé e ní fìlà, wọ́n fi igi gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró kó lè jókòó nàró, wọ́n fi í sáàárín Baltazzi, àbúrò ìyá rẹ̀, àti Stockau, ọkọ àǹtí rẹ̀, nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, kí ẹni tó bá rí wọn lọ́nà lè rò pé ẹni ààyè ń lọ sóde. Ní Heiligenkreuz ni wọ́n sin ín sí bí ẹni sin ẹrù olè. Àwọn èèyàn wa ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Àtikú àtẹ̀sín ni wọ́n jọ fún ọmọ yẹn. Ti Rudolf ńkọ́? Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ kò pé, àwọn àlùfáà bá ṣe ìsìnkú ńlá fún un. Larisch pàápàá kọ ọ̀rọ̀ náà síwèé lọ́dún 1913.

Lọ́dún 1991, oníṣòwò àga kan láti Linz tún lọ hú egungun ọmọ náà, ó ń wá ẹni tó máa ra ìtàn rẹ̀. Ọlọ́pàá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún un sin lọ́dún 1993. Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n tún ti hú u, kó jọ̀ọ́ wá sọ fún mi.