Wọ́n Fẹ́ Bá Mi Dí Èjí Mi

Ẹ̀yin ará Ìyìn-Èkìtì, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ilé ìtọ́jú eyín kan nílùú London níbí kọ ìwé owó ránṣẹ́ sí mi, owó náà sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta pọ́ọ̀nù. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Wọ́n fẹ́ bá mi dí èjí mi. Èjí o! Èyí tí ìyá mi bí mọ́ mi, tí ìyá tiwọn náà bí mọ́ wọn, tí ìyàwó mi fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé èjí yẹn ni òun kọ́kọ́ rí kí òun tó wá rí ẹni tó ni ín. Ohun tí àwọn kan nílé ń fi owó wá, tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n fi ayùn rẹ́ eyín wọn kí wọ́n ṣáà lè ní in, òun ni àwọn wọ̀nyí kà mọ́ àìsàn.

Fífọ eyín lásán ni mo bá lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń bá itọ́ mi jáde láràárọ̀, mo sì mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ yìí ní ètò. Ní England, ní oṣù kẹrin ọdún 2025, £27.40 ni wọ́n dá lé àyẹ̀wò eyín lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba, fífọ eyín sì wà nínú owó yẹn bí dókítà bá rí i pé ó yẹ. Ó dùn ún gbọ́. Kí ẹ tó rí dókítà tí yóò gba orúkọ yín ni iṣẹ́ wà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé ìtọ́jú eyín tuntun kan ṣílẹ̀kùn ní St Pauls, ní ìlú Bristol, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sì tò sójú títì títí àwọn ọlọ́pàá fi wá. Mo ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ìlà epo ilé wa ni mo rí, àfi pé kò sí ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì dání. Nígbà tí èmi náà pe ilé ìtọ́jú títí tó sú mi, mo gba ọ̀dọ̀ aládàáni lọ.

Ọmọbìnrin kan ló gbà mí, ọmọ dáadáa, ọlọ́yàyà. Ó tẹ bọ́tìnnì, àga náà dà mí sẹ́yìn títí orí mi fi relẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. Ó fi gíláàsì bò mí lójú, ó fi ọ̀pá tó ń fa omi kọ́ mi létè, ó wá mú irin kan tó ń gbọ̀n, tó ń han, tó sì ń tu omi. Ó ní bó bá dùn mí, kí n na ọwọ́ òsì sókè. Ọwọ́ òsì! Èmi tí wọ́n tọ́ ní Ìyìn, tí mo ti jẹ ìgbátí rí nítorí pé mo fi ọwọ́ òsì gba ẹ̀pà lọ́wọ́ àlejò! Mo ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ itan, mo sì dùbúlẹ̀ lé e.

Irin bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀. Ohun tó ń já bọ́ ń dún kàràkàrà nínú agbárí mi, ọmọbìnrin yìí kò sì dákẹ́ ọ̀rọ̀. Ó ní níbo ni mo ti wá. Mo ní Èkìtì, ohun tó jáde ni "Ẹ̀-ẹ́-ì". Ó ní òun ti gbọ́ nípa ibẹ̀ rí, wọ́n ní etí òkun rẹ̀ dára. Etí òkun, ní Èkìtì, níbi tó jẹ́ pé òkè lèèyàn ń rí níbikíbi tó bá kọjú sí!

Ó wá dórí ọ̀rọ̀. "Àlàfo iwájú yìí, ṣé ó ń dà yín láàmú?" Mo fi gbogbo agbára mi pariwo "Rárá", ṣùgbọ́n pẹ̀lú irin, omi àti ọ̀pá, "Aaa" ló gbọ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣé kí òun fi orúkọ mi sílẹ̀ fún dókítà tó ń to eyín. Mo fẹ́ mi orí, irin wà lẹ́bàá ahọ́n mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di kàráǹgídá, mo yọ ọwọ́ òsì lábẹ́ itan, mo nà án sókè gbangba, kí àwọn tó tọ́ mi forí jì mí. Ó rọra fọwọ́ bà mí léjìká: "Ẹ pẹ̀lẹ́, ó kù díẹ̀."

Àwòrán ló tẹ̀lé ìwé owó náà. Kọ̀ǹpútà ti bá mi dí èjí tán, ó sì fi ẹ̀rín sí mi lẹ́nu. Mo wò ó títí, ẹni tí mo rí níbẹ̀ jọ ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Mo pe ilé ìtọ́jú náà. Obìnrin tó gbé fóònù ní ó wà lákọsílẹ̀ pé mo fi ìfẹ́ hàn sí i. Ìfẹ́ wo? Ẹni tí omi ń wọ̀ lọ́nà ọ̀fun, ìgbà wo ló ráyè ìfẹ́?

Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí agbo WhatsApp ẹbí wa. Àbúrò mi obìnrin fi ohùn ránṣẹ́, ẹ̀rín ló gba ìlàjì rẹ̀: "Bọ̀dá mi, ta lẹ gbé fóònù yín fún?" Bàbá kékeré bèèrè bóyá ọkọ̀ ló gbá mi. Ìyá mi kò kọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n pè mí ní fídíò, wọ́n wò mí dáadáa kó lè dá wọn lójú pé èjí ṣì wà níbẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára fi etí aṣọ bo ẹnu.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín tán lẹ́nu tèmi. Èjí ìyá mi, tí wọ́n fi ń kì wọ́n láti Ìyìn títí dé Ìgèdè, kò sí mọ́. Eyín méjèèjì tó mú un dúró ti lọ. Ẹnikẹ́ni kò sì lè pè wọ́n ní ọ̀bùn: kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀, wọn a ti run orín dáadáa. Kò sí ihò lára èyíkéyìí nínú eyín ọ̀hún. Wọ́n kàn ń mì ni. Ọ̀kan bá òkèlè iyán jáde. Èkejì, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi yọ ọ́.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ìdọ̀tí rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ eyín kún fún kòkòrò tí ojú kò rí. Bí orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì kò bá kàn án, èròjà inú itọ́ á sọ ọ́ di òkúta láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ibi tí itọ́ ti ń sun ló ti ń pọ̀ jù: ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀, àti eyín ńlá òkè, lápá tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Orín ń dé iwájú, ibẹ̀ a sì máa dán, ẹ̀yìn ni kò rọrùn ún dé. Ohun tó bá sì ti di òkúta, irin onímọ̀ nìkan ló lè họ ọ́. Erìgì á pọ́n, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fọ eyín nígbà yẹn, erìgì á padà bọ̀ sípò. Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́, eegun tó di eyín mú lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ìyẹn kì í sì í padà. Ìkà inú rẹ̀ ni pé kì í sábà dunni. Nílé wa, ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú la ń mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ dókítà eyín, kó lè bá wa yọ ọ́. Ẹni tó bá ní ká lọ fọ̀ ọ́, wọn a ní fífọ̀ ló ń mú eyín mì. Eyín ọ̀hún ti ń mì tipẹ́, òkúta ló ń ti í ró.

Ẹ má torí ìyẹn bú orín o. Ní ọdún 1971, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi gbòǹgbò orín àta, nínú ìgò àyẹ̀wò, ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti ká kò padà bó ṣe yẹ kó rí. Mo sọ ọ́ fún ará ibiṣẹ́ mi kan tó ń fi orín inú báàgì mi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì panu mọ́.

N kò ní purọ́ mọ́ ọmọbìnrin tó fọ eyín mi yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ mi sì ti dá. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń bí mi nínú. Wọ́n tún fẹ́ kí n forúkọ sílẹ̀, kí n máa wá fọ eyín ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ rèé, àwọn olùwádìí ìlera tó ń jẹ́ Cochrane kó ìwádìí jọ ní 2018, wọ́n ní fún àgbàlagbà tí erìgì rẹ̀ kò ní àìsàn líle, tó sì ń rí dókítà eyín déédéé, fífọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà tàbí lọ́dọọdún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kí wọ́n má dá àsìkò kankan sí i. Ìlànà ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀, láti 2004, ní kí dókítà wo ẹnu oníkálukú kó tó dá ọjọ́ àyẹ̀wò fún un: fún àgbàlagbà, ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta, ó sì lè tó ọdún méjì. Alátọ̀gbẹ, amusìgá, ẹni tí erìgì rẹ̀ ti bàjẹ́, àwọn ló yẹ kó máa lọ lemọ́lemọ́. Èmi tí díẹ̀ tó ni wọ́n ń fi ìwé owó lé kiri. Ìyá mi, tí irin yẹn ì bá gba eyín wọn là ká ní ó tètè dé ẹnu wọn, kò sí ẹni tó sọ fún wọn rí pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Mo bá kọ ọ́ sí agbo ẹbí pé kí ẹni tí erìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀ má dúró dè mí di Kérésìmesì. Ẹ wọkọ̀ láti Ìyìn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì l'Ádó, ẹ bèèrè ẹ̀ka eyín, ẹ sọ pé fífọ̀ lẹ bá wá, kì í ṣe yíyọ. Ti ìyá mi ni mo kọ́kọ́ san, eyín tó ṣẹ́ kù lẹ́nu wọn ṣì tó jà fún. Mo ní owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú àwọn yòókù náà wà lọ́rùn mi. Háà! Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, àìsàn eyín ti bo ìdílé wa. Àwọn tó ń fi eyín ṣí ìgò ọtí lánàá ní àwọn kò lè jẹ mọ́ínmọ́ín. Bàbá kékeré, tí gbogbo eyín ẹnu wọn jẹ́ àtọwọ́dá, ló tètè fi orúkọ sílẹ̀ jù. Mo bi wọ́n pé èwo nínú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ fọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun kì í wádìí kó tó gba owó ọkọ̀.