Ọkọ Tó Ń Garùn Lọ́dún Tí Kò Sí Ìyàwó

Àwọn àgbà ní ẹni tí à ń gbé ìyàwó bọ̀ wá bá kì í garùn. Ìlù ti ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn obìnrin ilé ti gbé omi tútù sẹ́nu ọ̀nà, kí ọkọ fìdí mọ́lẹ̀, kó má sọ ara rẹ̀ di ẹni ẹ̀sín lójú àwọn àna. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò ro ti ọkọ tí ìdílé ìyàwó ti ránṣẹ́ sí pé kò sí ìgbéyàwó lọ́dún yìí, tó gbọ́, tó dúpẹ́, tó wá gun orí àga, tó ń garùn síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí irú ọkọ bẹ́ẹ̀, kó wo àwọn olólùfẹ́ orin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2026.

Ọdún yìí ni àjọ̀dún orin Glastonbury ń sinmi. Ìdílé Eavis, tí wọ́n ni oko Worthy Farm lábúlé Pilton ní Somerset, ti kéde rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ó di 2027 kí ẹnikẹ́ni tó tún pàgọ́ sórí pápá àwọn. Ọ̀rọ̀ náà kò lábùlà. Síbẹ̀, pósítà àfinúrò Glastonbury 2026 kò wọ́n lórí fóònù àwọn èèyàn. Wọ́n ya àwọ̀ sí i, wọ́n to orúkọ sí i láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n pín alẹ́ Fráìdè, alẹ́ Sátidé àti alẹ́ Sọ́ńdè fún olórin ńláńlá mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ìjà dé. Ará Manchester ní bí kò bá ti sí Oasis níbẹ̀, kí wọ́n dá owó òun padà. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní Wizkid ni yóò gba alẹ́ Sátidé, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ sùn. Owó wo ni wọ́n fẹ́ dá padà? Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀.

Ohun tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí owó wà níbẹ̀ láti san, wọn kì í béèrè ẹni tó ń bọ̀. Ní oṣù kọkànlá 2024 ni wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì ti 2025, ní £373.50 fún ẹnì kan, pẹ̀lú £5 owó ètò rírà á. Wọn ò tíì dárúkọ olórin ńlá kankan lọ́jọ́ náà. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 35, tíkẹ́ẹ̀tì ti tán. Ọdún tí wọ́n ń náwó, wọ́n dákẹ́. Ọdún tí wọn ò ná nǹkan kan ni ẹnu wá ń yún wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí tí ìsinmi náà fi wà, nítorí ó dà bíi pé àwọn tó ń ya pósítà ti gbàgbé pé oko ni ibẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń sin màálù fún wàrà ni Michael Eavis nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 1970, ọjọ́ kejì tí olórin Jimi Hendrix kú. £1 ni owó ìwọlé, wàrà ọ̀fẹ́ sì wà níbẹ̀. Nǹkan bí 1,500 èèyàn ló wá. Lónìí, èèyàn bí 210,000 ló ń kún ibẹ̀ bámú, àwọn àtàwọn òṣìṣẹ́. Èèkàn àgọ́ tí wọ́n bá gbàgbé sínú koríko lè di ohun tí màálù gbé mì. Ti ìtọ̀ tún burú ju ìyẹn lọ: lọ́dọọdún ni àwọn aláṣẹ ń bẹ èèyàn pé kí wọ́n má tọ̀ sílẹ̀, etí dídi ni. Ní 2019, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Bangor bu omi odò Whitelake tó gba inú oko náà kọjá. Wọ́n bá kokéènì àti MDMA nínú rẹ̀, ó sì pọ̀ ní ìsàlẹ̀ odò débi pé ẹ̀rù ń bà wọ́n fún ẹja eel, ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ bí ejò tí òfin ń dáàbò bò. Oògùn tí èèyàn mu, tó tọ̀ sílẹ̀, ni ẹja ń mu lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí irú èyí ni ilẹ̀ fi ń sinmi ní nǹkan bí ọdún márùn-ún márùn-ún. Ní 2012, Eavis tún fi ìdí mìíràn kún un: ìdíje Òlíńpíìkì ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọlọ́pàá àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká kò ní tó pín. Ẹ ò rí i pé ṣáláńgá lágbára lórí orin ju olórin lọ.

Ẹni tó bá ń fi ọkàn to olórin yẹ kó mọ bí àtòjọ gidi pàápàá ṣe ń já. Ti 1970 yẹn, The Kinks ni wọ́n kọ́kọ́ polongo. Wọn ò wá. Marc Bolan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló rọ́pò wọn, Eavis sì san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látinú owó wàrà. Ti Prince ńkọ́? Àìmọye ọdún ni wọ́n fi ń sọ pé ó ń bọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ń gbowó lé e lórí. Ó kú ní oṣù kẹrin 2016, kò tẹ Pilton rí.

Ní 2020, ìyàwó ti wọṣọ tán. Ọdún náà ni ayẹyẹ àádọ́ta ọdún. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta, wọ́n gbé orúkọ jáde: Kendrick Lamar, Paul McCartney, Taylor Swift, pẹ̀lú Diana Ross fún ọ̀sán Sọ́ńdè. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn rẹ̀, kòrónà fagi lé gbogbo rẹ̀. McCartney, Lamar àti Ross wá ní 2022. Ti Swift di ohun tí wọ́n ń kọ sórí pósítà àfinúrò títí dòní.

Àléébù tó tóbi jù nínú àwọn pósítà wọ̀nyí ni pé àwọn tó ń yà wọ́n kò lè fi ọkàn ro nǹkan kan. Orúkọ tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni wọ́n ń tún tò. Ta ló máa fi ẹni tí kò lókìkí sí aago mọ́kànlá àárọ̀ Fráìdè? Bẹ́ẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí Glastonbury jẹ́ Glastonbury. Ní 1983, King Sunny Adé gbé jùjú débẹ̀. Àgbẹ̀ Somerset wo ló lálàá gìtá jùjú? Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fẹlá dé pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Egypt 80. Ká ní ẹnì kan ya pósítà 1985, tó tún fi Fẹlá sókè, ẹ̀wọ̀n ni olórin rẹ̀ wà: ìjọba Buhari mú un ní pápákọ̀ òfurufú Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1984, kò sì jáde títí di 1986. Ogójì ọdún kọjá kí Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ àti Burna Boy tó gun Pyramid Stage, pèpéle ńlá ibẹ̀, lọ́dún kan náà, ní 2024.

Ìyàwó mìíràn wà nílé tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ẹgbẹ́ Music Venue Trust, tó ń gbèjà àwọn gbọ̀ngàn orin kéékèèké ní Britain, sọ pé 125 nínú wọn ló ti ilẹ̀kùn tàbí tó pa orin tì ní 2023 nìkan. Inú irú yàrá bẹ́ẹ̀, níbi tí òógùn ti ń kán láti àjà, ni púpọ̀ nínú àwọn orúkọ ńláńlá orí pósítà ti kọ́kọ́ di maíìkì mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Leeds tàbí Bristol, tẹ́ ẹ ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ jà lórí ẹni tó yẹ kó kọrin lórí pápá màálù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo gbọ̀ngàn tó sún mọ́ yín jù, kẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tẹ́ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kẹ́ ẹ sì tètè débẹ̀.